Kakí Fẹ́lísì àti Àwọn Ará Ọkọ̀ Sánmà

Ẹ̀wà ni mò ń ṣà lẹ́yìn ilé lọ́sàn-án ọjọ́ kan báyìí tí mo gbọ́ orin kan láti inú fóònù ọmọ ọmọ mi, ni ọwọ́ mi bá dúró sójú kan lórí àtẹ. Orin náà kò ní ọ̀rọ̀ kankan nínú. Fèrè kan ló ń ké lọ sókè bí ẹyẹ tí kò fẹ́ bà mọ́, ìlù ńlá kan sì ń dún gbì, gbì, gbì lábẹ́ rẹ̀. Ara mi bù máṣọ. Mo pe ọmọ náà.

"Wá, kí lò ń wò yẹn?"

"Ìyá àgbà, àwọn òyìnbó arúgbó kan ni o."

Ó gbé fóònù sún mọ́ mi lójú. Lóòótọ́, àwọn arúgbó ni: irun wọn ti funfun, wọ́n jókòó nídìí tábìlì gígùn kan, àwọn èèyàn sì tò lọ́wọ̀ọ̀wọ́ níwájú wọn, oníkálukú mú àwòrán lọ́wọ́ kí wọ́n lè buwọ́ lù ú. Ọmọ náà ní àwọn ló ṣe eré àtijọ́ kan, eré ọkọ̀ tó ń rìn láàárín ìràwọ̀, àti pé àwọn èèyàn ń wọ bàálù nítorí ìbuwọ́lù wọn.

Mo ní, "Irọ́ ni. Àwọn wọ̀nyí kọ́ ló ṣe é. Mo mọ àwọn tó ṣe eré yẹn dáadáa, ará Bantè, ìlú wa, ni wọ́n."

Ó wò mí bí ẹni wo ẹni tí oòrùn ti pa jù. N kò bá a wí. Mo kàn ní kó jókòó, kó gbé àtẹ ẹ̀wà sórí ẹsẹ̀ tirẹ̀, kó máa bá mi ṣà á lọ. Ohun tí mo sọ fún un ni mò ń sọ fún ẹ̀yin náà yìí, ẹ̀yin tí ẹ kò tíì bá tẹlifíṣọ̀n pàdé ní ibi tó ti ṣọ̀wọ́n rí.

Nígbà tí a wà lọ́mọdé, a kò mọ tẹlifíṣọ̀n kankan ju ti ìjọ Kátólíìkì lọ. Àlùfáà wa, òyìnbó onírùngbọ̀n kan tí gbogbo ìlú ń pè ní Mọ́npẹ̀ẹ̀, ló gbé e dé láti ìlú rẹ̀, òun àti páálí kan tó kún fún kásẹ́ẹ̀tì. Ọjọ́ Ìsinmi, lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán, wọ́n á fi aṣọ àtijọ́ bo fèrèsé gbọ̀ngàn tí a ti ń kọ́ katikísìmù kí ìmọ́lẹ̀ má baà wọlé, wọ́n á tan ẹ̀rọ amúnáwá lẹ́yìn ilé ìdáná, gbogbo wa á sì wọ́ síbẹ̀. Ooru ibẹ̀, ẹ má dán an wò. Òórùn ẹ̀pà sísun, òórùn òógùn, òórùn epo ẹ̀rọ, gbogbo rẹ̀ á dàpọ̀. Síbẹ̀, bí wọ́n bá ní kí o jáde síta lọ gba afẹ́fẹ́, ìjà ni.

Eré kan ṣoṣo ló wà nínú páálí náà, apá lórí apá, a sì fún un lórúkọ: Ọkọ̀ Sánmà. Ọkọ̀ kan ni, tó tóbi bí ìlú, tó sọnù lójú ọ̀run tó sì ń wá ọ̀nà ilé. Ọ̀gá ọkọ̀ náà, Kapitéènì, kì í rẹ́rìn-ín. Obìnrin kan tí kò bẹ̀rù nǹkan kan ló ń wa ọkọ̀, Awakọ̀ la sì ń pe ìyẹn. Ẹnì kẹta ni Ọkùnrin Irin, ẹ̀rọ tí wọ́n ṣe bí èèyàn, tó ń rìn gbọ̀ngàn-gbọ̀ngàn, tó ń sọ̀rọ̀ lẹ́yọ lẹ́yọ.

Ìyọnu kan ló wà níbẹ̀: èdè Faransé ni gbogbo wọn ń sọ. Faransé tí àwa ọmọdé sì mọ̀ nígbà náà kò ju kí wọ́n ní kí a dìde, kí a jókòó, kí a panu mọ́. Àwọn àgbà tí kò lọ sílé ìwé kò tilẹ̀ gbọ́ tó bẹ́ẹ̀. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, kò pẹ́ tí kíkùn fi bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn. "Kí ló wí? Kí lẹni yẹn wí?"

Mẹ́tìrì, olùkọ́ wa, ló dìde. Bí Mọ́npẹ̀ẹ̀ bá ń wàásù ní Faransé ní àárọ̀, Mẹ́tìrì ló máa ń dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ tí yóò máa sọ ọ́ ní Ìṣà, èdè wa, gbólóhùn sí gbólóhùn. Torí náà, ó kàn lọ dúró ti tẹlifíṣọ̀n gẹ́gẹ́ bí ó ṣe ń dúró ti pẹpẹ, ó so ọwọ́ mọ́ ẹ̀yìn, ó sì ń sọ ohun tí wọ́n ń wí. Kò ya ẹnikẹ́ni lẹ́nu. Bí a ṣe ń gbọ́ ọ̀rọ̀ Ọlọ́run náà nìyẹn, kí ló dé tí a kò ní gbọ́ ti Kapitéènì bẹ́ẹ̀?

Ìgbà tí Awakọ̀ la ẹnu ni wàhálà dé. Mẹ́tìrì fi ohùn ọkùnrin tirẹ̀, tó nípọn bí àmàlà, sọ ọ̀rọ̀ obìnrin náà. Àwọn ìyá bú sẹ́rìn-ín. Ìyá Ràfíyátù, aláṣọ, tó ti gbé Àbíjàn fún ọdún púpọ̀ tó sì gbọ́ Faransé bí ẹni mumi, kígbe láti ẹnu ọ̀nà: "Mẹ́tìrì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sinmi. Obìnrin wo ló ń sọ̀rọ̀ báyẹn?" Mùsùlùmí ni, ọ̀nà ilé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló bá dé ibẹ̀, kò sì sí ẹni tó bi í pé kí ló ń wá ní ilé Mọ́npẹ̀ẹ̀. Ó ti àwọn èèyàn sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó lọ dúró ní apá kejì tẹlifíṣọ̀n, ó sì gba ẹnu Awakọ̀ láti ọjọ́ náà.

Áà, ẹ bá gbọ́ ọ! Bí Awakọ̀ bá bú ọ̀tá ní èébú kan, Ìyá Ràfíyátù á fi ti ara rẹ̀ kún un, ẹnu òyìnbó á ti pa dé tipẹ́, tiwa á ṣì máa sọ̀rọ̀ lọ. Bí wọ́n bá dé ayé kan tí kò sí omi níbẹ̀, á ní, "Ibí yìí dà bí Atokoligbé kí wọ́n tó gbẹ́ kànga." Gbogbo ilé á hó yèè.

Nọ́ọ̀sì ilé ìwòsàn wa, ọkùnrin kan tí à ń pè ní Dókítà Sìmọ́ọ̀nù, ló gba ti Ọkùnrin Irin. Èèyàn jẹ́jẹ́ ni. Yóò dúró gbọnrangandan, yóò wo iwájú, yóò sì wí pé, "Mo. Ti. Gbọ́. Kapitéènì." Àwa ọmọdé kò sọ̀rọ̀ bí èèyàn mọ́ nílé. Bí ìyá mi bá rán mi níṣẹ́, "Mo. Ti. Gbọ́. Ìyá," títí ó fi na ọwọ́ sí pankẹ́rẹ́.

Ẹ rí i pé n kò purọ́ fún ọmọ náà. Ọ̀tọ̀ ni ẹni tí a ń rí ojú rẹ̀, ọ̀tọ̀ ni ẹni tí a ń gbọ́. Lójú tiwa, àwọn òyìnbó yẹn kàn ń ya ẹnu ni. Àwọn tó ṣe eré ni Mẹ́tìrì, Ìyá Ràfíyátù àti Dókítà Sìmọ́ọ̀nù.

Mo ní ọ̀rẹ́ kan nígbà náà, Fẹ́lísì. Àga kan náà la jọ ń jókòó sí ní kíláàsì, a jọ ń jẹ gààrí nínú abọ́ kan. Ọmọ tí orí rẹ̀ pé ni, òun ló ń ṣe ìṣirò mi fún mi. Ṣùgbọ́n ó ń kólòlò. Kì í ṣe díẹ̀ o. Ọ̀rọ̀ á dúró sí i lọ́fun, ọrùn rẹ̀ á le, ojú rẹ̀ á pọ́n, àwọn ọmọ á sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í sín in jẹ lẹ́yìn kí ó tó rí ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ náà. Nígbà tó ṣe, ó panu mọ́. Bí wọ́n bá bi í ní ìbéèrè, yóò wò mí, èmi ni n ó dáhùn.

Ọdún tí a fẹ́ ṣe Sàtífíkà, ìdánwò tí a fi ń jáde ní ilé ìwé kékeré, ni bàbá rẹ̀ sọ pé ó tó gẹ́ẹ́. Àgbẹ̀ ni bàbá náà, èèyàn gíga kan tí kì í pariwo. Ó ti bá ẹ̀yìn ilé ìwé wa kọjá lọ́jọ́ kan, ó sì gbọ́ tí gbogbo kíláàsì ń sín ọmọ rẹ̀ jẹ. Kò gbàgbé. Nígbà tí Mẹ́tìrì lọ bẹ̀ ẹ́, mo wà ní àgbàlá, mo gbọ́ ohun tó wí.

"Mẹ́tìrì, ẹ fúnra yín lẹ sọ pé wọ́n ń fi ẹnu ṣe apá kan nínú ìdánwò yẹn. Ọmọ á dúró níwájú àwọn àlejò, á ké ewì. Ṣé ti ọmọ yìí lẹ rò pé yóò rí bẹ́ẹ̀ sọ? Wọn yóò fi í ṣẹ̀sín. Ẹ jẹ́ kó lọ bá àbúrò mi ní Tchetti, kó lọ kọ́ iṣẹ́ aránṣọ. Ẹ̀rọ ìránṣọ kì í bi èèyàn ní ìbéèrè."

Mẹ́tìrì sọ̀rọ̀ títí, kò rí i yí padà. Wọ́n fi í sí ìparí ìkórè kajú, lẹ́yìn Àjíǹde. Nígbà náà ni Fẹ́lísì yóò lọ.

Ní Bantè, bí ẹ kò bá mọ̀, bí àwọn ọmọ bá ṣe ìdánwò tán, wọ́n máa ń fọwọ́ sí kakí ara wọn. Kakí ni aṣọ ilé ìwé wa. Wọ́n á fi bíkì kọ orúkọ sí ara aṣọ ọ̀rẹ́ wọn, ẹ̀yìn, apá, àyà, títí aṣọ á fi kún. Kakí tí wọ́n ti fọwọ́ sí kò ṣeé wọ̀ lọ sílé ìwé mọ́. Ó ti parí nìyẹn. Àwọn ìyá kan máa ń lù wọ́n nítorí rẹ̀, àwọn kan á ká a pamọ́ sínú àpótí.

Fẹ́lísì bá mi lábẹ́ igi kajú wọn, ó na kakí rẹ̀ tí ó ti fọ̀ tí ó sì lọ̀ sí mi. Ó pẹ́ kó tó lè sọ ọ́. Ó ní nígbà tí àwa yòókù bá ń fọwọ́ sí kakí, òun kò ní sí níbẹ̀. Torí náà, òun yóò gba tòun ṣáájú. Ṣùgbọ́n òun kò fẹ́ orúkọ àwọn ọmọ kíláàsì wa tó ń fi òun ṣẹ̀sín. Ti àwọn ará Ọkọ̀ Sánmà ni òun fẹ́. Mọ́npẹ̀ẹ̀ ti sọ fún wa rí pé ní ìlú òun, àwọn èèyàn máa ń tọ àwọn eléré lọ kí wọ́n buwọ́ lu nǹkan fún wọn.

Inú mi bàjẹ́. Mo mọ ohun tí aṣọ yẹn túmọ̀ sí. Ṣùgbọ́n kí ni n ó ṣe? Ọ̀rẹ́ mi ni.

Mẹ́tìrì la kọ́kọ́ bá. Ó wo kakí náà, ó wo Fẹ́lísì, ó bọ́ awò ojú rẹ̀, ó nù ún fún ìgbà pípẹ́. Bíkì pupa tó fi ń yẹ iṣẹ́ wa wò ló wà lọ́wọ́ rẹ̀, òun ló fi buwọ́ lù ú, ó sì kọ ọ́ sí abẹ́ rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ó ti mọ́ ọn lára: "Ó dára. Má ṣe dẹwọ́." Nígbà tí ó rí ohun tí ó kọ, ó bú sẹ́rìn-ín, àmọ́ ojú rẹ̀ kò rẹ́rìn-ín.

Ìyá Ràfíyátù kò gbà bẹ́ẹ̀. "Tchetti? Ọmọ tó mọ ìṣirò tó báyìí? Bàbá rẹ ńkọ́, ṣé orí rẹ̀ pé?" Ó bú bàbá náà tán, ó bú àbúrò rẹ̀ mọ́ ọn, ó sì tún bú Tchetti fúnra rẹ̀ tí kò ṣẹ̀ ẹ́. Lẹ́yìn náà ló fi kéwú buwọ́ lu èjìká kakí, láti apá ọ̀tún wá sí apá òsì, lẹ́tà rẹ̀ tẹ̀ kọrọdọ, ó dára púpọ̀. Ó ku Dókítà Sìmọ́ọ̀nù nìkan.

Dókítà kò sí ní Bantè mọ́. Ìjọba ti gbé e lọ sí Savalou lẹ́yìn Kérésìmesì, láti ìgbà náà sì ni Ọkọ̀ Sánmà ti dákú. Mẹ́tìrì ló ń ṣe Kapitéènì tó tún ń ṣe Ọkùnrin Irin, á bi ara rẹ̀ ní ìbéèrè, á dá ara rẹ̀ lóhùn, àwọn èèyàn á sì máa rẹ́rìn-ín níbi tó yẹ kí wọ́n ti sunkún. Ìyá Ràfíyátù ló ní kí a bá òun lọ sí ọjà Savalou. A jókòó sórí ìdì aṣọ lẹ́yìn ọkọ̀, eruku pupa bò wá títí a fi jọ ara wa.

Ilé ìwòsàn kún. Àwọn ìyá tó gbé ọmọ lọ́wọ́ ń sọ Mahi, àwọn mìíràn ń sọ Ìṣà, Dókítà ń dá àwọn méjèèjì lóhùn. Nígbà tí ó rí wa, ó yọ̀, ó fà wá wọ yàrá rẹ̀. Fẹ́lísì na kakí. "Ẹ... ẹ... ẹ b... ẹ b..."

Mo la ẹnu láti bá a sọ ọ́, bí mo ti máa ń ṣe. Dókítà gbé ọwọ́ sókè sí mi. "Fi í sílẹ̀. Mo ń gbọ́." Ó sì dúró. Àwọn aláìsàn ń wú ikọ́ lẹ́nu ọ̀nà, ẹnì kan ti ń kanlẹ̀kùn, kò yíjú síbẹ̀. N kò rí àgbà kan tó dúró de Fẹ́lísì báyẹn rí. Ó sọ ọ́ tán, gbogbo rẹ̀, kajú àti Tchetti àti àbúrò bàbá rẹ̀.

Dókítà nàró gbọnrangandan, ó wo iwájú, ó ní, "Kí. Ni. Orúkọ. Rẹ?" Ó ń fi ṣeré ni, kí ó lè pa á lẹ́rìn-ín.

Fẹ́lísì náà nàró. "Fẹ́lísì. Ni. Orúkọ. Mi."

"Níbo. Ni. O. Ti. Wá?"

"Bantè. Ni. Mo. Ti. Wá. Mo. Fẹ́. Padà. Sílé."

Ó dún ketekete. Kò sí ìdúró kan tí òun fúnra rẹ̀ kò fi síbẹ̀. Ó fi ọwọ́ bo ẹnu, ojú rẹ̀ là, ó wò mí bí ẹni pé èmi ni mo sọ ọ́. Èmi náà ń wò ó. Ẹ̀rù bà mí díẹ̀, n kò ní purọ́.

Dókítà fi bíkì rẹ̀ padà sínú àpò. "N kò ní buwọ́ lù ú."

"Hẹ̀ẹ́, Dókítà!" Èmi ni mo pariwo.

"Kakí ẹni tó ti ṣe ìdánwò ni wọ́n ń fọwọ́ sí." Ó fi ìka kan ibì kan lábẹ́ àpò àyà aṣọ náà. "Àyè tèmi nìyí. Kí ẹnikẹ́ni má kọ nǹkan síbẹ̀. Bí o bá ṣe ìdánwò tán, n ó wá. Àti pé, ẹ sọ fún Mẹ́tìrì kó yé dá ara rẹ̀ lóhùn, mo ti rí ẹni tí yóò gba ipò mi."

Ẹ má rò pé inú Fẹ́lísì dùn. Ó sunkún láti Savalou dé Bantè. Ó ní gbogbo ohun tí òun fẹ́ ni kí aṣọ náà pé, Dókítà sì ti bà á jẹ́. Ìyá Ràfíyátù ní kó sunkún dáadáa kó lè tán, nítorí òun kò ní gbọ́ ẹkún lẹ́gbẹ̀ẹ́ òun ní ọjọ́ Ìsinmi.

Ọjọ́ Ìsinmi náà dé. Mẹ́tìrì gbé àpótí kan sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ tẹlifíṣọ̀n kí Fẹ́lísì lè ga tó. Nígbà tí àwọn èèyàn rí i, àwọn ọmọ kíláàsì wa bẹ̀rẹ̀: "Ẹ... ẹ... ẹ..." Ẹ̀rín sọ. Mo di ọwọ́ mi pọ̀ láàárín itan, mò ń gbàdúrà, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé n kò mọ ẹni mímọ́ tó ń gbọ́ ti irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀.

Ọkọ̀ bàjẹ́ lọ́jọ́ náà nínú eré. Wọ́n dé ayé kan tó tutù, wọ́n ní láti tètè kúrò, Ọkùnrin Irin sì ti wọnú ihò kan láti gba ọmọ kan tó sọnù. Kapitéènì ní kí wọ́n gbéra, kò sí àyè mọ́. Ohùn ẹ̀rọ náà wá láti inú ihò. Fẹ́lísì nàró lórí àpótí, ó wo iwájú.

"Ẹ. Dúró. Dè. Mí. Mo. Ń. Bọ̀."

Ilé dákẹ́. Àní ẹ̀pà kò ró lẹ́nu ẹnikẹ́ni mọ́.

"Mo. Ń. Rìn. Díẹ̀díẹ̀. Ṣùgbọ́n. Mo. Ń. Bọ̀."

Bàbá rẹ̀ wà níta. Ó ń ti oko bọ̀, apẹ̀rẹ̀ kajú wà lórí rẹ̀, ó sì dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé níbi tí àwọn tí kò ráyè wọlé máa ń dúró sí láti gbọ́ eré. Aṣọ tí wọ́n fi bo fèrèsé kò jẹ́ kó rí inú. Nígbà tí Ìyá Ràfíyátù jáde lọ mumi, bàbá náà bi í pé, "Ta ló ń sọ ti irin yẹn? Ó dára ju ti Dókítà lọ."

Ìyá Ràfíyátù mumi tán, ó nu ẹnu. "Ẹni tí o fẹ́ rán lọ sí Tchetti ni."

Ó sọ fún wa lẹ́yìn náà pé bàbá náà sọ apẹ̀rẹ̀ kalẹ̀, ó jókòó lé e lórí, gbogbo kajú inú rẹ̀ fọ́, kò sì dìde títí orin ìparí fi dún.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, ó wá sí ilé ìwé, ó bọ́ fìlà. Ó béèrè lọ́wọ́ Mẹ́tìrì níṣojú gbogbo wa: "Ìdánwò ẹlẹ́nu yẹn, ṣé òfin kọ̀ ọ́ kí ọmọ fi ohùn irin ṣe é?"

Mẹ́tìrì ní, "N kò rí ibi tí wọ́n kọ ọ́ sí."

"Ó dáa. Kó ṣe é."

Báyẹn ló ṣe é. Àwọn tó ń dán wa wò wá láti ìlú mìíràn, wọn kò mọ Ọkọ̀ Sánmà. Fẹ́lísì dúró gbọnrangandan níwájú wọn, ó ké ewì Faransé kan nípa òjò, ọ̀rọ̀ kan lẹ́yìn ọ̀rọ̀ kan, bí ẹni to bíríkì. Ọ̀kan nínú wọn gbé orí sókè, ó fẹ́ sọ̀rọ̀, ẹnì kejì rẹ̀ fi ọwọ́ kàn án. Wọ́n jẹ́ kó parí. Nígbà tí wọ́n ka orúkọ àwọn tó yege ní àgbàlá ilé ìwé, mo gbọ́ tirẹ̀ kí n tó gbọ́ tèmi, mo sì ti ń fò sókè kí n tó rántí pé èmi náà ṣe ìdánwò.

Dókítà mú ìlérí rẹ̀ ṣẹ. Ó gun alùpùpù wá láti Savalou, ó buwọ́ lu abẹ́ àpò àyà níbi tí ó ti fi ìka kàn. A yí wọn ká, a ń pàtẹ́wọ́. Nígbà náà ni Mẹ́tìrì gba bíkì lọ́wọ́ Dókítà, ó nà án sí Fẹ́lísì, ó ní, "Ará ọkọ̀ ni ìwọ náà. Ta ni kò tíì gba tìrẹ?"

Èmi ni mo kọ́kọ́ kẹ́yìn sí i. "Kọ ọ́ sí ẹ̀yìn mi, kí o kọ ọ́ gàdàgbà!" Ó ń kọ, ó ń rẹ́rìn-ín, bíkì ń rìn mí lára. Àwọn ọmọ kíláàsì wa tó ti ń sín in jẹ tò sẹ́yìn mi, ìtìjú ń ṣe àwọn mìíràn, wọ́n sì na apá aṣọ wọn sí i. Ó buwọ́ lu ti gbogbo wọn. Ká ní èmi ni, n kò bá tí ṣe é, ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́.

Ìgbà tí gbogbo wọn ti kúrò ni bàbá rẹ̀ sún mọ́ wa. Ẹ̀wù oko ló wà lọ́rùn rẹ̀, èyí tí omi ara kajú ti ta sí lára títí. Ó fa etí ẹ̀wù náà jáde, ó nà án sí ọmọ rẹ̀.

"Èmi náà."

Fẹ́lísì wò ó. "B... Bàbá, ẹ̀... ẹ̀wù oko yín ni."

Bàbá rẹ̀ kò bá a parí rẹ̀, kò wo ibòmíràn. Ó dúró títí ó fi sọ ọ́ tán.

"Mo mọ̀," ó wí. "Òun ni mò ń wọ̀ lójoojúmọ́."

Kò mọ̀wé kà, ṣùgbọ́n nígbà tí Fẹ́lísì kọ ọ́ tán, ó fi ìka tọ lẹ́tà náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ó béèrè èyí tó jẹ́ orúkọ ọmọ àti èyí tó jẹ́ orúkọ òun.

Wọ́n gbé Mọ́npẹ̀ẹ̀ lọ sí ibòmíràn lọ́dún tó tẹ̀ lé e, tẹlifíṣọ̀n náà bá a lọ. Mẹ́tìrì àti Ìyá Ràfíyátù ti lọ sí ibi tí gbogbo wa ń lọ, kí Ọlọ́run tẹ́ wọn sí afẹ́fẹ́ rere. Lónìí, ilé wo ni kò ní tẹlifíṣọ̀n? Ọmọ kọ̀ọ̀kan ń dá wo tirẹ̀ nínú fóònù, wọ́n fi nǹkan dí etí, wọ́n gbọ́ Faransé ju bí a ti gbọ́ ọ lọ, wọn kò nílò ẹnikẹ́ni tí yóò dìde dúró láti sọ fún wọn ohun tí wọ́n ń wí. Ó dára bẹ́ẹ̀. N kò sí lára àwọn àgbà tó ń sọ pé ayé ti bàjẹ́. Ṣùgbọ́n ó máa ń wù mí kí ẹ fi etí yín gbọ́ gbọ̀ngàn kan tó dákẹ́ nítorí ọmọ kan ń sọ̀rọ̀.

Agbẹ̀bí ni Fẹ́lísì ní Savalou, ó ti fẹ́ fẹ̀yìn tì. Ó ṣì ń kólòlò, àgàgà bí inú bá ń bí i. Àwọn aláboyún láti Bobè dé Tchetti mọ̀ pé ó yẹ kí wọ́n dúró kó sọ̀rọ̀ tán, wọ́n sì ń dúró. Nígbà tí mo bẹ̀ ẹ́ wò lẹ́yìn ìkórè iṣu tó kọjá, ọ̀rọ̀ bàbá rẹ̀ tó ti di olóògbé délẹ̀ láàárín wa, mo sì bi í ní ohun tí n kò bi í rí: ṣé bàbá náà tilẹ̀ fi ẹnu ara rẹ̀ bẹ̀ ẹ́ lórí ọ̀rọ̀ Tchetti yẹn?

Ó ronú. Mo dúró dè é.

"R... rárá," ó wí. "Kò b... bẹ̀ mí rí. Ṣùgbọ́n títí ó fi k... kú, kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni f... fọ ẹ̀wù yẹn."